Àdúrà Òwúrọ̀ Lọ́dún Ìdìbò

Ojú irin ló wà lẹ́yìn ilé wa ní Clarkston, ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù máa ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, á fọn fèrè, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń gbàdúrà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí yóò fi kọjá. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ọdún tí Màmá Òṣogbo wá gbé pẹ̀lú wa nìyẹn: bàbá mi lórí ìkúnlẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ lórí àga, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tó ń dúró kí ọkọ̀ ojú irin kọjá kó tó lè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe báyìí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dọọdún ni mò ń lọ jókòó sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Downtown, àárín ìlú, tí mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà lórí owó orí: ta ni olówó, ta ni òtòṣì, ta ló ń ṣiṣẹ́, ta ló ń jẹ iṣẹ́ ẹlòmíì. Àwọn oníròyìn tí a jọ ń jókòó máa ń ní ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn. Kò tíì sú èmi. Kò sí gbólóhùn kan tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ tí mi ò tíì gbọ́ nílé wa rí, ní èdè Yorùbá, lórí ìkúnlẹ̀, kí n tó jẹun àárọ̀. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ilé ló máa ń wù mí.

Ẹni mẹ́fà la wà nínú ilé náà. Bàbá mi, tí a ń pè ní Dádì, ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń tún ọ́fíìsì ṣe, pẹ̀lú van méjì àti òṣìṣẹ́ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Uncle Kúnlé, àbúrò Dádì, ọmọ ìyá kan náà, ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń wẹ̀ fún wọn, tó ń gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni, ìyẹn ló sì mú kí Màmá Òṣogbo, ìyá tó bí Dádì àti Uncle Kúnlé, wọ bàálù wá bá wa gbé ọmọ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un ní pápákọ̀ òfurufú pé kó lò nílùú. Ṣùgbọ́n ọmọ nìkan kọ́ ló torí ẹ̀ wá, kò sì fi ohun kejì pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí Dádì ti kúrò ní Òṣogbo, kò tíì rí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì pa pọ̀ lójú kan. "Abẹ́ òrùlé kan ni mo bá wọn," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ bó bá ń ṣa ẹ̀wà, bó bá ń ká aṣọ ọmọ, bí kò bá tiẹ̀ sí ẹni tó bi í. "Abẹ́ òrùlé kan náà ni mo fẹ́ fi wọ́n sí kí n tó máa lọ."

Òwúrọ̀ ilé náà ní ìró tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ á máa yí, bọ́tìnnì sòkòtò Dádì á máa lu irin inú rẹ̀. Màmá á máa lọ ẹ̀wà àkàrà, á máa bá blẹ́ńdà sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni: "Ó tó, mo ní ó tó, ṣé o ò gbọ́ ni?" Obìnrin ará Somalia tó wà nílé kejì á máa fi ohùn gooro pe àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ á dún: Uncle Kúnlé ti dé láti iṣẹ́ òru. Á gun òkè wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ ewé, á dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, á dọ̀bálẹ̀ fún Dádì, á wá yíjú sí mi. "Ọ̀gá Tọ́pẹ́, ṣé ẹ jí dáadáa?" Àgbàlagbà tó ń sọ "ẹ" fún ọmọ ọdún mẹ́wàá! Mo rò pé èmi ni mo ni ilé náà. Bó bá jẹun tán, òun ló máa ń bá mi dúró de bọ́ọ̀sì ilé-ìwé lẹ́bàá ọ̀nà, oorun lójú, ọwọ́ lápò. Kì í lọ sùn àfi bí bọ́ọ̀sì bá gbé mi lọ.

Ní Sátidé, gbogbo wa la máa ń tẹ̀lé Dádì lọ sí Downtown láti tún ọ́fíìsì ṣe. Èmi ni mo ń da agbọ̀n ìdọ̀tí nù. Uncle Kúnlé ló ń fọ ilé ìyàgbẹ́, iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ Dádì kankan kì í fẹ́ ṣe, kò sì gba kọ́bọ̀ rí. Màmá ní òun ò ní jókòó sílé máa wo ògiri. Á gbé ọmọ pọ̀n, á mú àkísà dání, á máa nu tábìlì kan sí èkejì, á sì máa yà á lẹ́nu. "Gbogbo ilé ńlá yìí, kò sẹ́ni tó ń sùn sínú ẹ̀?" Dádì á ní, "Màmá, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá ṣe níbẹ̀." "Iṣẹ́ kí ni? Orí tábìlì ò dọ̀tí." Uncle Kúnlé á rẹ́rìn-ín títí á fi di ògiri mú. Bí a bá ń padà bọ̀, ìrẹsì àti ẹja díndín la ó jẹ nínú van, láti inú kúlà, ẹsẹ̀ mi lórí garawa ọṣẹ.

Inú van yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdìbò. Ọkùnrin kan wà lórí rédíò tí Dádì fẹ́ràn. Ọkùnrin náà máa ń pariwo pé oríṣi ènìyàn méjì ló wà nílùú, àwọn tó ń mú wá àti àwọn tó ń gbà, pé ẹgbẹ́ búlúù, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tó ń du ipò, fẹ́ gba èrè òógùn ẹni kìíní fún ẹnì kejì. Nísàlẹ̀, lórí tẹlifíṣọ̀n Uncle Kúnlé, obìnrin kan wà tí òun náà máa ń pariwo, pé àwọn olówó ò san owó orí tó tọ́ sí wọn, pé ẹgbẹ́ pupa ń bá wọn gbé àpò sá. Dádì ri pátákó ẹgbẹ́ pupa mọ́ ilẹ̀ níwájú ilé. Uncle Kúnlé ò lè ri tirẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bá gbé pátákó búlúù sí fèrèsé ìsàlẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin nìkan ló ń rí i. Ohun tó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè dìbò nínú ilé wa. Green card, ìwé tó fún àjèjì láyè láti máa gbé ìlú ṣùgbọ́n tí kò fún un láyè láti dìbò, ni Dádì ní, òun náà ni ìyá mi ní, òun ni Uncle Kúnlé ní. Àlejò ni Màmá. Èmi àti ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n nìkan la jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà.

Àwàdà kò léèwọ̀ láàárín wọn. Mo rántí Sátidé kan tí Uncle Kúnlé ti ẹ̀yìn van pè: "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ní olówó, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń bá wí o. Van méjì lẹ ní, ọ̀kan ò sì lè gun òkè."

"Màá ní mẹ́wàá."

"Ẹ jẹ́ ó pé mẹ́wàá ná, màá bá yín sunkún tax."

"Ìwọ máa rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá gba tèmi tán, ọ̀dọ̀ ta lo ti máa jẹ ẹja tó wà lẹ́nu ẹ yẹn?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Dádì gan-an rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kí àbúrò jókòó ti ẹ̀gbọ́n, kó wò ó lójú, kó ní irọ́ lò ń pa, ìyẹn ò ṣeé ṣe nílé wa. Màmá ò ní gbà. Uncle Kúnlé fúnra rẹ̀ ò ní gbà. Ibì kan ṣoṣo ló wà tí àbúrò ti lè sọ̀rọ̀ dé òpin tí ẹ̀gbọ́n ò lè dá a dúró, ìyẹn sì ni àdúrà. Kò sẹ́ni tó ń já lu ẹni tó ń gbàdúrà.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Èmi máa ń ka Bíbélì, ìyá mi á dá orin, a ó kúnlẹ̀. Àbúrò ló ń kọ́kọ́ gbàdúrà, àgbà ló ń gbà á kẹ́yìn. Uncle Kúnlé á ní: "Baba, rántí àwọn tó dúró láti alẹ́ mọ́jú, tí ẹ̀yìn ń dùn, tí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì wá ń pè ní ọ̀lẹ. Fọwọ́ kan ọkàn àwọn olówó, Baba, kí wọ́n san tax wọn." Màmá á ké pé, "Àmín o! Àmín!" Dádì á gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Baba, bù kún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ohun tí O fi sí wa lọ́wọ́, má jẹ́ kí ìjọba wá gbà á fún ẹni tó ń sùn. Ẹni tó bá ń wojú ìjọba fún oúnjẹ, Baba mi, fún un níṣẹ́." "Àmín o! Àmín!" Ìdáhùn Uncle Kúnlé á wá dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo ọjọ́ ni ẹ ó máa rí i tó ń rò ó bó ṣe ń fọ àwo. Lóṣù tó kọjá mo bi ìyá mi bó ṣe rí lára rẹ̀ nígbà náà. Ó ní: "Mo máa ń ṣe Àmín kékeré fún ti bàbá ẹ, mo máa ń ṣe Àmín kékeré fún ti Uncle Kúnlé. Wọ́n á máa fetí sí i, ẹni tí Àmín tiẹ̀ lágbára jù. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi, mi ò wá wàhálà." Ní tèmi, ti Uncle Kúnlé ni mo máa ń pariwo rẹ̀, nítorí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, kì í ṣe nítorí owó orí.

Bí ìdìbò ṣe ń sún mọ́lé, ẹ̀rín inú van dín kù. Rédíò ń le sí i lókè, tẹlifíṣọ̀n ń le sí i nísàlẹ̀, àdúrà sì ń gùn débi pé àkàrà á ti tutù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nídìí oúnjẹ, Uncle Kúnlé sọ fún ìyá mi pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ pa ẹnu pọ̀ béèrè àfikún owó lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Dádì kò gbójú sókè. Ó ní bí òṣìṣẹ́ òun bá dán irú ẹ̀ wò, òun á ti ilé-iṣẹ́ pa. Uncle Kúnlé dìde. Ó kó àwo, ó fọ̀ ọ́, ó lọ síbi iṣẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àdúrà Uncle Kúnlé kúrú. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí Ọlọ́run fún ìdílé wa ní àlàáfíà, ó parí. Ó yẹ kí Dádì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ti múra tirẹ̀ sílẹ̀. "Baba," ó ní, "ilẹ̀ yìí ti kún fún àwọn tó ń gbà, tí wọn kì í mú nǹkan wá. Gbà wá lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ẹlòmíì, tí wọ́n ń sùn lábẹ́ òrùlé ẹlòmíì, tí wọ́n tún ń bú ẹni tó ni òrùlé..." Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ti fọn fèrè.

Ó gùn lọ́jọ́ náà. Mi ò lè sọ bó ṣe gùn tó. Dádì wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹnu ṣí sílẹ̀, kò lè sọ síwájú, kò lè kó ohun tó ti sọ padà. Mo la ojú. Uncle Kúnlé ti la ojú tirẹ̀, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ó dìde, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí nínú ilé wa nígbà tí àdúrà ń lọ, ó mú bàtà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀. Nígbà tí ariwo náà lọ tán, Dádì sọ wẹ́rẹ́ pé, "ní orúkọ Jésù." Màmá Òṣogbo kò ṣe Àmín.

"Ta lò ń bá wí?" Màmá bi í.

"Màmá, àwọn tí rédíò ń sọ̀rọ̀ wọn ni."

"Mi ò rí rédíò níbí. Ọmọ mi ni mo rí."

Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí Uncle Kúnlé fi rí ilé kékeré kan háyà ní Smyrna, ìlú kan nítòsí. Màmá ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó ní kí Dádì sọ fún un pé kó má lọ. Dádì ní, "Ṣé mo lé e ni?" Ó ní kí Uncle Kúnlé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Uncle Kúnlé ní, "Màmá, mò ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn láràárọ̀. Kí ló kù tí mo fẹ́ sọ?" Òótọ́ ni. Ní gbogbo ìgbà tí kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wọn, kò sí òwúrọ̀ kan tí kò dọ̀bálẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí Dádì ò ní kó dìde. Èmi náà gbìyànjú tèmi lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì.

"Ọ̀gá Tọ́pẹ́, Smyrna ò jìnnà. Ọ̀nà márosẹ̀ kan ṣoṣo ni."

"Ta ló máa bá mi dúró?"

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Dádì á máa gbọ́ rédíò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá kọjú sí ibòmíràn, ó fi apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu ojú. Ó ní oorun ni.

Ọjọ́ tó ń lọ, Dádì fúnra rẹ̀ ló gbé van wá sẹ́nu ọ̀nà, èyí tó lè gun òkè. Àwọn méjèèjì gbé bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọn ò sọ ju "rọra" àti "ó kù díẹ̀" lọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, Màmá jáde pẹ̀lú gèlè lórí àti báàgì tó gbé wá láti Òṣogbo. Ó ní òun náà ń lọ. Dádì rò pé ó fẹ́ sin ọmọ rẹ̀ dé ibẹ̀ ni. "Rárá," Màmá ní. "Ibẹ̀ ni mo ti máa lo èyí tó kù nínú oṣù mi. Ìwọ ní ìyàwó nílé, o ní ọmọ méjì. Èyí tó ń lọ yìí, ta ló ní?" Ìyá mi ní òun ò rí ojú Dádì bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí wọ́n tufọ̀ bàbá rẹ̀. "Wọ́n rò pé ẹ̀yìn wọn ni Màmá máa wà, torí àwọn ló ni ilé." Màmá gbé ọmọ fún ìyá mi, ó wọ iwájú van, ó jókòó. Èmi wà lórí àtẹ̀gùn. Ní wákàtí kan péré, ilé tó kún di ilé tí mo lè gbọ́ ìró fíríìjì nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màmá mọ ohun tó ṣe. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà ní Smyrna gbọ́dọ̀ lọ kí i ní Smyrna. Gbogbo Sọ́ńdè, bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ là ń gbà lọ, kúlà oúnjẹ lẹ́sẹ̀ mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Màmá ń sùn, Uncle Kúnlé ń sùn nílẹ̀. Kò sí àga tó tó wa. Sọ́ńdè àkọ́kọ́, a tẹ́ oúnjẹ sílẹ̀ tán, gbogbo wa dúró, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa gbàdúrà. Uncle Kúnlé ló ni ilé, ẹnu rẹ̀ gbà á. Mo ń retí ohun tó máa sọ. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa gbàdúrà."

Dádì dijú. "Baba, bù kún oúnjẹ yìí. Àmín."

Màmá la ojú kan. "Ó tán?"

"Ó tán, Màmá."

"Àmín o," Màmá ní. "Ẹ jókòó kí ẹ jẹun."

Wọ́n jẹun. Wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ìdìbò dé, ẹgbẹ́ kan wọlé, ẹgbẹ́ kejì pariwo ojoro, kò sì sẹ́ni tó yọ̀ tàbí tó sunkún ní ọ̀dọ̀ wa. Dádì fa pátákó rẹ̀ tu, ó sọ ọ́ sínú van. Oṣù Màmá pé. Nígbà tí a sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, ó di ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kò bá wọn wí, kò súre gígùn. Ó kàn ní, "Òrùlé kan ni mo bá yín. Méjì ni mo fi yín sí." Kò padà wá mọ́. Òṣogbo ni a sin ín sí.

Mo ti gbé ilé tó dára ju ti Clarkston lọ láti ìgbà náà. Kò sí èyí tí mo lálàá nípa rẹ̀ rí. Bí aṣòfin kan bá dìde ní Downtown tó ní àwọn tó ń mú wá àti àwọn tó ń gbà, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ní kí n ṣe, àmọ́ òórùn àkàrà ló ń wá sí mi nímú, àti ọkùnrin kan tó ń fọ ilé ìyàgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Sátidé, tí ẹnì kan sì pè ní ẹni tó ń gbà. Mo mọ̀ pé ẹni tó sọ ọ́ kò gbà á gbọ́. Gbólóhùn náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti inú rédíò, ó kàn bọ́ sórí ẹni tó wà nítòsí.

Uncle Kúnlé ti ní ilé tirẹ̀ ní Smyrna báyìí, ó ní ìyàwó àti ọmọ, ó tiẹ̀ ní òṣìṣẹ́ mélòó kan tó ń tọ́jú arúgbó, ó sì ń kùn nípa tax ju bí Dádì ti kùn rí lọ. Òun àti Dádì ń pe ara wọn lórí fóònù. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Yàrá ìsàlẹ̀ ṣì ṣófo. Nígbà tí mo fẹ́ kọ èyí, mo pe Uncle Kúnlé, mo bi í bí oníròyìn ṣe ń bi ènìyàn: kí ló dé tí ẹ ò padà wá sílé lẹ́yìn ìdìbò, nígbà tí ìjà ti tán?

Ó ní, "Wọn ò ní kí n padà. Tí Ẹ̀gbọ́n bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò tiẹ̀ ní di ẹrù, màá kàn wọ mọ́tò ni. Gbogbo Sọ́ńdè yẹn ni mo fi ń retí ẹ̀. Àmọ́ èmi àbúrò, ṣé èmi ni màá wá pe ara mi?"

Mo wa mọ́tò lọ sí Clarkston. Dádì wà nídìí fèrèsé, ó ti darúgbó, ó ń bó ọsàn. Mi ò sọ ohun tí mo ti gbọ́ fún un. Mo kàn bi í pé kí ló dé tí kò pe Uncle Kúnlé padà.

"Pe ta ni?" ó ní. "Kúnlé?" Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́ Yorùbá mọ́. "Ilé ẹ̀ nìyí. Ta ló ń pe ènìyàn wá sí ilé ara ẹ̀?"